Ìyá Àgbà Tí Mo Jí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo wà. Ogún ọdún ni adájọ́ dá fún mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó mú mi, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ ṣe ìṣirò. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́. Ṣùgbọ́n ikú náà ni wọ́n dá fún mi. Ọ̀nà jíjìn ló kàn ń gbà bọ̀.

N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi, Ẹlẹ́ẹ̀nì, ló ń bá mi kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbà kí ará ilé wá wò wá. Á gun alùpùpù sẹ́mì láti Kétu, eruku pupa á ti bò ó lójú bò ó nímú, á jókòó síwájú mi lórí àga gígùn, á ṣí kàyé ìkọ̀wé rẹ̀ lé orúnkún. Mo ń sọ, ó ń kọ. Tó bá rẹ̀ mí, mo dákẹ́. Ó sì máa ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe ara nìkan ló rẹ̀ mí, ìtàn náà gan-an ti sú mi. Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, mo sọ ọ́ fún adájọ́, mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tí a jọ ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ sùn, mo sì ń sọ ọ́ fún ara mi. Kò sí ọjọ́ tí mo sọ ọ́ tí kò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àná.

Ohun méjì ló mú mi ní kí ó kọ ọ́. Agbẹjọ́rò tí ìjọba fún mi ní òun yóò kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí arúgbó yìí lọ kú sílé rẹ̀. Ó ní tí mo bá dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, pé n kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ahéré tí mo dáná sun, wọ́n lè gbà. Ìyẹn kan. Èkejì ni pé Ṣadé, ọmọ Àṣàbí, rán Ẹlẹ́ẹ̀nì sí mi. Àṣàbí ni ẹni tó kú sínú iná náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣadé kò bú mi, kò ṣépè. Ó ní, "Bá mi bi ìyá rẹ àgbà: ṣé ó mọ̀ pé ìyá mi wà nínú ilé? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní kí Ẹlẹ́ẹ̀nì sọ fún un pé màá dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ní òkè tiwa níbẹ̀, láàrin Okpomẹ̀ta àti Adakplamẹ̀, omi ló ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ wa pupa, ó gba àgbàdo, ó gba ẹ̀pà, ó gba ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá gbẹ́ ẹ títí apá rẹ fi já, omi kò ní í yọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń gbẹ́ ìkùdù. Kòtò ńlá ni, wọn á fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, òjò á kún un, a óò máa bù ú mu títí ọyẹ́ yóò fi dé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ìkùdù ló ni ilẹ̀ tó yí i ká. Kò sí ìwé kankan nígbà náà. Ìkùdù ni ìwé.

Ìkùdù tí mo mu omi rẹ̀ dàgbà, ìyá bàbá Àṣàbí ló gbẹ́ ẹ. Ìyá Oníkùdù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu, wọ́n sì kó o lọ sí Agbómẹ̀. Nígbà tí òyìnbó Faransé ṣẹ́gun Agbómẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ó dé ilé, ilé ti di igbó. Ó fi ọkọ́ kan àti àkúfọ́ igbá gbẹ́ ìkùdù náà, ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko, òun nìkan. Ó gbin pèrègún yí i ká. Nígbà tó kú, inú ahéré tó wà lẹ́bàá ìkùdù ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe wí. Wọ́n fi amọ̀ mọ òkìtì sí ojú oórì rẹ̀, wọ́n sì tẹ ẹ̀gbà irin tó ti Agbómẹ̀ bọ̀ mọ́ amọ̀ náà lórí. Àwa ọmọdé máa ń fi ìka kan án, a óò sì sá jáde.

Àwa ńkọ́? Àwa dé lẹ́yìn. Bàbá bàbá mi ti ọ̀nà Pobẹ̀ wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan àti ìyàwó kan, ó wólẹ̀ fún Ìyá Oníkùdù, ó tọrọ ibi tí yóò máa dáko. Ìyá náà fún un. Ó ní kí ó máa pọn omi. Lọ́dọọdún tí àgbàdo bá gbó, bàbá mi a gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sílé wọn. Èmi ni mo máa ń rù ú. Àṣàbí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́ bí ìyálé ilé, á ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀, àlejò mi." A óò wá jọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń ta mí.

Láti kékeré ni a ti jọ ń pọn omi, tí Àṣàbí ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ àgbà fún mi létí ìkùdù. Ó sọ ọ́ títí tí mo fi mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Tó bá fo ibì kan, èmi ni mo ń rán an létí.

A dàgbà, a lọ́kọ, a bímọ, ọkọ kú. Àṣàbí padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń gbé inú ahéré tó wà lẹ́bàá ìkùdù, òun àti ojú oórì ìyá rẹ̀ àgbà àti àgùntàn mélòó kan.

Olùkọ́ kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa. Mẹ́tìrì ni a ń pè é. Ọmọ ìlú mìíràn ni, ó mọ ènìyàn kí. Ó ní òun fẹ́ kó ìtàn àwọn àgbà jọ sínú ìwé, kí wọ́n tó kú tán. Bó ṣe wí nìyẹn. Ọkùnrin arúgbó kan ní, "Mẹ́tìrì, ṣé inú fóònù rẹ yẹn lo ti rí ọjọ́ ikú wa ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ojú ti Mẹ́tìrì, ṣùgbọ́n ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní ó ti ń gba ohùn.

A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń bi wá níkọ̀ọ̀kan: kí ni ilé yín rántí nípa ogun náà? Ọkùnrin arúgbó yẹn sọ pé bàbá àgbà òun fi ọrun kan ṣoṣo lé ọmọ ogun ogójì. A mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́. Ó wá kàn mí.

Kí ni ilé tiwa rántí? Apẹ̀rẹ̀ kan. Ìwólẹ̀. Àlejò mi, sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wò mí, àwọn ìyàwó ọmọ mi wà níbẹ̀. Àṣàbí kò sí nílé, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Kpanku. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Mẹ́tìrì, ìyá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Agbómẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. N kò jí ewúrẹ́, n kò jí aṣọ tí wọ́n sá. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ni mo jí.

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ́ àti àkúfọ́ igbá, ẹ̀ẹ̀rùn méjì, pèrègún. Nígbà tí mo rí i pé gbogbo wọn dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ èmi náà lẹ́nu, mo fi tèmi sí i. Mo ní nígbà tó ń ti Agbómẹ̀ bọ̀, ó gbé iná sínú ìkòkò kan, ó fi ara rẹ̀ bò ó lójú òjò, iná náà kò sì kú títí ó fi dé ilé. Kò sí ìkòkò iná nínú ìtàn Àṣàbí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ìkòkò iná yẹn ló sì pa obìnrin kan lẹ́kún. Mẹ́tìrì fúnra rẹ̀ nu ojú. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí tó jẹ́ irọ́ jù ló wọ̀ wọ́n lára jù.

Àṣàbí ti Kpanku dé, wọ́n ti sọ fún un lọ́nà. Ó dúró lójú àgbàlá mi, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Olè! Ẹ bá mi mú un o, olè ìyá àgbà!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

Mo ní, "Àṣàbí, dákun, ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni."

"Mo gbọ́ pé o ti di ọmọ Ìyá Oníkùdù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú oórì rẹ̀ ti sán, ó fẹ́ amọ̀ tuntun. Wá bá mi rẹ́ ẹ, ìwọ ọmọ olóòkú."

"Màá wá."

"Níbo lo ti rí ìkòkò iná?"

"N kò mọ̀."

"Ó dùn o. Èmi náà á máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún Mẹ́tìrì kó tún un ṣe kó tó di ìwé. O gbọ́?"

"Màá sọ fún un."

Mo bá a rẹ́ ojú oórì náà. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀, amọ̀ dé ìgúnpá wa, a ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Ọwọ́ mi yìí ló dán amọ̀ yí ẹ̀gbà irin yẹn ká. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún Mẹ́tìrì. Mo ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ìwé náà dé. Kò nípọn, àwòrán mi wà nínú rẹ̀, mo wé gèlè búlúù. Ẹlẹ́ẹ̀nì, ìwọ lo kà á fún mi, o rántí? Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi láti inú ìwé. Mo sunkún. Mo ní kí o tún un kà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ mo ń pè ọ́, "Wá ka ìyá mi fún mi." Bí o ti ń kà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le, mo rí òjò lórí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí èéfín tó ń jáde lábẹ́ apá rẹ̀. Èmi tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rántí pé mo fi ojú rí Ìyá Oníkùdù, arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ìwé, lójú àwa tí kò mọ̀wé, ó ti kọjá irọ́. Ọdún kan kò pé tí mo fi gbàgbé bàbá bàbá mi àti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wá a nínú mi, n kò rí i mọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní àkókò òjò, àrùn ikọ́ wọ agbo ẹran. Gbogbo àgùntàn Àṣàbí kú. Èmi ni mo bá a gbé èyí tó gbẹ̀yìn lọ sin, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó di ti iwájú. Nígbà tí a bò ó tán, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó parí. N kò sin ẹran mọ́. Láti òní lọ, èmi nìkan ni màá máa wúkọ́ nínú ahéré yìí."

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ ilẹ̀ oníkálukú sílẹ̀ kí ìjà lè dín kù. Wọ́n gbé irin gígùn àti ẹ̀rọ kan wá. Wọ́n ń rìn láti ààlà dé ààlà, àwọn onílé méjèèjì á dúró, wọn á sọ̀rọ̀, wọn á kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìkùdù, Àṣàbí na ọ̀pá rẹ̀ sí pèrègún, ó ní ibẹ̀ ni ààlà, ìkùdù náà sì jẹ́ tiwọn. Ọmọ mi ọkùnrin, ìyẹn bàbá Ẹlẹ́ẹ̀nì, fa ìwé yọ nínú àpò.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ṣadé. Ó wà nínú ìwé pé ìyá wa ló gbẹ́ ẹ."

"Ìwé wo?"

"Ìwé Mẹ́tìrì. Ohùn ìyá mi ni."

Kò mọ nǹkan kan, ọmọ mi. Ohun tí mo fún un ló gbà gbọ́. Olórí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ka ojú ìwé náà, ó yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yìí. Ta ló gbẹ́ ìkùdù yìí?"

Gbogbo ènìyàn ń wò mí. Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Mo ní, "Ìyá bàbá mi ni."

Àṣàbí kò pariwo. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó jọ ẹni tó mọ̀.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ìyá Oníkùdù."

"Ìyẹn ni a ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń bi ọ́."

N kò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi gbọ́ ìtàn náà, n kò béèrè rí. Mo ní ó ti pẹ́, ogbó ti jẹ́ kí n gbàgbé. Àṣàbí mi orí.

"Ó sùn sí abẹ́ ilẹ̀ ahéré mi, ẹ̀gbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Àwọn ènìyàn náà ní kí ó ní sùúrù. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá lọ́jọ́ kẹsàn-án pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn àgbà, àwọn yóò wọlé wo ojú oórì náà, tó bá wà níbẹ̀, orúkọ Àṣàbí ni àwọn yóò kọ. Bí a ti ń lọ sílé, Àṣàbí dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò bú mi.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín ni mo rò pé a ń rín."

Ó ń lọ, ó ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn ti bá a láti ìgbà tó bí Ṣadé, ó máa ń ṣẹ́ sí méjì, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn.

Nílé, ọmọ mi bi mí, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé?"

Mo ní, "Ṣé màá pa irọ́ mọ́ ìyá bàbá mi ni?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń wo ọ̀nà mẹ́ta: kí n lọ bẹ Àṣàbí, kí n sọ fún ọmọ mi, tàbí kí ojú oórì náà má sí mọ́. Méjì àkọ́kọ́ ní ìtìjú nínú. Mo ro bí wọn yóò ṣe máa tọ́ka sí mi, arúgbó tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé, ọmọ alápẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, gbogbo ènìyàn ń dáná sí oko. Tí iná bá jó ahéré kan nígbà yẹn, wọn á ní iná igbó ni. Òrùlé á wó, ògiri á wó lé ojú oórì, amọ̀ á di amọ̀. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọjọ́ ọjà Kétu ni mo mú. Àṣàbí kì í pa ọjà jẹ, ẹ̀pà yíyan ló ń tà. Ní nǹkan bí ọ̀sán, nígbà tí àwọn tó kù nílé ń sinmi, mo wa ẹyin iná sínú ìdí ìkòkò mi kan tó ti fọ́, mo bu eérú bò ó, mo fi ìborùn mi bò ó, mo ń lọ.

Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ìkòkò iná. Kò sí ẹni tó gbé iná nínú ìkòkò dé ibi ìkùdù yẹn rí, àfi èmi.

Mo gba ẹnu ọ̀nà ahéré kọjá dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ibẹ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ tí àgùntàn kan wúkọ́ nínú ilé, mo ní àgùntàn Àṣàbí ni, màá ṣí ilẹ̀kùn fún un tí iná bá ti mú. Mo da ẹyin iná sínú koríko. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. N kò rí àyè ṣí ilẹ̀kùn. Mo sá.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbé kaná nígbà tí mo délé. Mo ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà nígbà tí igbe ta. Ibà ló mú Àṣàbí lọ́jọ́ náà, kò lè lọ sọ́jà. Òun ló wà nínú ilé. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ rí ìdí ìkòkò mi nínú pèrègún, ó ní àmì tí mo máa ń fà sí ìdí ìkòkò mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti dé. N kò jiyàn pé èmi ni mo dáná.

Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́, nígbà tí adájọ́ sọ̀rọ̀ lédè Faransé tí ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Olúwa mi. Ọjọ́ ọjà ni."

"Ṣé o gbọ́ ohùn kankan?"

"Àgùntàn kan ló wúkọ́."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí nípa àgùntàn náà. Ṣadé wà níbẹ̀, ó ń sunkún, bóyá kò gbọ́ ọ. Mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nígbà tí Ẹlẹ́ẹ̀nì gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé kúrò lórí ìwé.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, àgùntàn wo?"

"Àgùntàn Àṣàbí."

Ó ṣí kàyé sẹ́yìn, ó fi ìka lé e, ó kà á sí mi létí: èmi ni mo bá a gbé èyí tó gbẹ̀yìn lọ sin. N kò sin ẹran mọ́.

Inú bí mi. "Ta ló rán ọ pé kí o máa yẹ ọ̀rọ̀ mi wò?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí n kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́."

"Pa ọ̀kan rẹ́."

"Èwo ni kí n pa rẹ́, Ìyá Àgbà? Èyí tó kú ni, àbí èyí tó wúkọ́?"

Ọmọ yìí kò gbé ohùn sókè. Omi ló wà lójú rẹ̀. Gáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ó ku díẹ̀ kí àkókò tó pé. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo wá àgùntàn náà nínú mi. Ó wà níbẹ̀. Funfun ni, etí rẹ̀ kan dúdú. Mo rí i kedere ju bí mo ti ń rí Ẹlẹ́ẹ̀nì lọ. Mo ti fún un ní àwọ̀, mo ti fún un ní etí, bí mo ṣe fún Ìyá Oníkùdù ní ìkòkò iná. Mo ti ń sin ín nínú ẹ̀wọ̀n níbí láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ló di ẹsẹ̀ àgùntàn ìkẹyìn mú lọ sí kòtò. Ọwọ́ kì í purọ́ bí ẹnu.

Mo ní, "Má pa nǹkan kan rẹ́. Máa kọ. Bàtà rọ́bà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Aláwọ̀ ewé, ó fi wáyà di okùn ọ̀kan."

Ó ń kọ.

"Mo rí bàtà náà. Mo ní bàtà mìíràn ló wọ̀ lọ sọ́jà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ikọ́. Ó ṣẹ́ sí méjì, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú. Iná ṣì wà nínú ìkòkò nígbà náà. Kọ ìyẹn dáadáa. Iná ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ rò pé á jáde ni? Ṣé ẹ rò pé..."

Mo ronú sí i. Ó ń fún mi ní ọ̀nà, ọmọ dáadáa. Mo sì fẹ́ gbà á. Mo lè rí i bí mo ṣe dúró tí mo ní á gbọ́ èéfín, á jáde. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ọjọ́ náà ni mo rò ó, tàbí ìgbà tí mo dé ibí ni mo fi sí i. Mo ní, "Má kọ ìyẹn. N kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni kí o kọ. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé òun ni. Mo da iná sílẹ̀."

Gáàdì ní àkókò ti pé. Ẹlẹ́ẹ̀nì di kàyé mọ́ àyà.

"Agbẹjọ́rò ńkọ́? Ilé ńkọ́? Tí wọ́n bá rí èyí, ẹ kò ní í padà wálé mọ́."

"Ọ̀dọ̀ Ṣadé ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ. Agbẹjọ́rò lè kà á lẹ́yìn rẹ̀."

Ó lọ. Lónìí ó ti padà wá, kí a parí ìwé náà kó tó gbé e fún Ṣadé. Mo ti mọ̀ pé inú ilẹ̀ tí n kò mọ̀ ni wọn yóò sin mí sí. Kò burú. Ìyá Oníkùdù wà lábẹ́ eérú, kò sí òkìtì lórí rẹ̀ mọ́, Àṣàbí wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi kì í wá wò mí. Ó ti bá Ṣadé tún pèrègún gbìn, Ẹlẹ́ẹ̀nì ló sọ fún mi. Lóṣù tí àgbàdo gbó, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ sílé wọn. Wọ́n ní Ṣadé kò gbà á, kò sì dá a padà. Apẹ̀rẹ̀ náà jókòó níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gba ohùn, tí ẹ ń kọ ìtàn ilé yín, n kò ní kí ẹ má sọ̀tàn. Ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ti ilé ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ ilé náà. Tí ẹ bá fi iyọ̀ sí i, ẹ sọ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ bàbá bàbá mi kì í ṣe ìtìjú. Ó tó ọdún mélòó kan tí n kò rántí rẹ̀, àfi ìsinsìnyí tí kò sí ẹni tí mo lè gbé e fún. Kí ẹ sì tún un ṣe kí ó tó di ìwé. Ẹ má ní ọ̀la. Nígbà tí ó bá ti di ìwé, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀nì, nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ Ṣadé, kúnlẹ̀. Tó bá kà á tán tí kò sì lé ọ, bi í ní orúkọ tí ìyá Ìyá Oníkùdù sọ ọ́. Fi àyè sílẹ̀ fún un sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ìlà kan tó. Tó bá sọ ọ́ fún ọ, kọ ọ́ síbẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, jẹ́ kí àyè náà wà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ mìíràn dí i.